Fláàṣì eré Bàbá Sàlá: eré inú ẹ̀ ò lẹ́gbẹ́, àmọ́ ẹ béèrè ìwé kí ẹ tó sanwó

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Fláàṣì tí wọ́n kó eré Bàbá Sàlá sí, èyí tí àwọn tó ń ta fíìmù àtijọ́ ń tà ní Dùgbẹ̀ n'Íbàdàn níbí, N7,000 ni wọ́n ta tèmi fún mi, 32GB ni, inú ọ̀rá kékeré kan ni wọ́n fi sí, wọ́n wá lẹ fọ́tò bàbá mọ́ ọn níwájú, èyí tó fi de bóótáì gbẹ̀ǹgbẹ̀ yẹn mọ́rùn. Mo ti wò ó látòkè délẹ̀, mo wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n, mo wò ó lórí fóònù. Eré inú ẹ̀ ò lẹ́gbẹ́, kò sí ẹni tó ń ṣàwàdà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí tí ò ní í rí nǹkan kọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí wọ́n fi kó o jọ ò yẹ ẹni tó ṣe é, ohùn ń kùn, orúkọ òṣèré ò sí níbì kankan, ìbéèrè kan sì wà tí ẹ gbọ́dọ̀ bi ontajà kí ẹ tó kówó sílẹ̀, màá dé orí ìyẹn torí òun gan-an ló jẹ́ kí n jókòó kọ gbogbo èyí.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ò bá wọn láyé ìgbà yẹn, Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀ lorúkọ bàbá, ọmọ Iléṣà ni. Orin ló kọ́kọ́ ń ṣe jẹun, kì í ṣe àwàdà. Ní 1964 ó ní ẹgbẹ́ olórin háíláìfù kan tó ń jẹ́ Federal Rhythm Dandies, abẹ́ ẹ̀ níbẹ̀ ni King Sunny Adé ti ta gìtá kí òun náà tó lọ dá tiẹ̀ sílẹ̀. Tí àwọn èèyàn bá ń sọ ìtàn bàbá wọ́n máa ń sáré kọjá ibi orin yìí, bẹ́ẹ̀ lójú tèmi ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fetí sí i dáadáa tó bá ń sọ̀rọ̀ nínú eré, ẹ gbàgbé ohun tó ń sọ ná, ẹ gbọ́ bó ṣe ń sọ ọ́. Ó mọ ìgbà tó yẹ kí ọ̀rọ̀ bọ́ sílẹ̀, ó mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́, ó sì mọ bó ṣe yẹ kí ìdákẹ́ yẹn pẹ́ tó. Ẹni tí wọ́n jọ ń ṣeré á sọ tiẹ̀ tán, bàbá á wò ó, á wo ilẹ̀, á tún wò ó, ẹ̀yin tí ẹ ń wò á ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín kó tó la ẹnu rárá. Olórin ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti dúró níwájú àwọn onílù tí ọwọ́ wọn ń lọ, tó ní láti mọ ibi tí òun ti máa wọlé, òun ló ń ní irú etí yẹn.

Kí ẹ tó lè mọ iyì ohun tó wà nínú fláàṣì yìí, ẹ ní láti mọ ibi tí tíátà Yorùbá wà nígbà tó wọlé. Hubert Ògúndé ti la ọ̀nà sílẹ̀ láti àwọn ọdún 1940, Kọ́lá Ògúnmọ́lá ń ṣe tiẹ̀, Dúró Ládiípọ̀ l'Óṣogbo gbé Ọba Kò So jáde ní 1963, eré Ṣàngó tó gbà á débi tí wọ́n ti ń pè é lọ sí ìlú òyìnbó. Eré ńláńlá ni gbogbo ìyẹn, ọba, òrìṣà, ogun, orin arò. Ẹni tó bá fẹ́ pa èèyàn lẹ́rìn-ín níbẹ̀, á jáde díẹ̀ láàárín kí ojú lè sinmi, á sì padà wọlé. Bàbá Sàlá sọ pé òun ò ṣe ti ọba, òun ò ṣe ti òrìṣà, ẹ̀rín ni látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó sì pe ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Aláwàdà kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í mú. Ìgboyà ńlá ni. Ẹni tó bá ń ṣe eré ìbànújẹ́ tí kò dùn tó, àwọn èèyàn lè ní ẹ̀kọ́ wà nínú ẹ̀ ṣáá, ṣùgbọ́n ẹni tó ní òun fẹ́ pa yín lẹ́rìn-ín tí ẹ ò rẹ́rìn-ín, kò síbi tó máa fojú sí.

Tẹlifíṣọ̀n ló wá gbé e dé gbogbo ilé. WNTV, ìyẹn Western Nigeria Television, bẹ̀rẹ̀ l'Ágodi n'Íbàdàn níbí ní October 31, 1959, nígbà tí Awólọ́wọ̀ ṣì ni olórí ìjọba Western Region, tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ nílẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ń pè é títí dòní. Eré Yorùbá rí àyè níbẹ̀, Aláwàdà sì wà lára àwọn tó jàǹfààní ẹ̀ jù. Ẹ rántí pé kì í ṣe gbogbo ilé ló ní tẹlifíṣọ̀n, tí eré bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àwọn ọmọ àdúgbò á kún pálọ̀ ẹni tó ní, àwọn tí ò ráyè wọlé á dúró síbi fèrèsé. Nígbà tó di 1977 tí ìjọba àpapọ̀ kó gbogbo ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n sábẹ́ NTA, Bàbá Sàlá ṣì wà níbẹ̀, orúkọ ilé iṣẹ́ ló yí padà, aago ọwọ́ bàbá ò yí padà.

Aago yẹn ńkọ́. Ẹni tó bá rí fọ́tò bàbá lẹ́ẹ̀kan ò lè gbàgbé: bóótáì tó fẹ̀ kọjá èjìká, awò ojú tí kò ní gíláàsì nínú, aṣọ tó tóbi jù ú lọ, àti aago orí tábìlì, irú èyí tó ń jí èèyàn láàárọ̀, ó so ó mọ́ ọrùn ọwọ́ bí ẹni tó wọ ríìsíwọ́ọ̀ṣì. Ọ̀pọ̀ àwọn aláwàdà tó ń bọ̀ lẹ́yìn wo aṣọ yẹn, wọ́n rò pé aṣọ ni, wọ́n lọ kun ojú, wọ́n lọ wọ bàtà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kò sì pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Ohun tí wọn ò rí ni pé bàbá kì í hùwà bí ẹni tó mọ̀ pé aṣọ òun ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Ó gbà pé òun múra. Ó máa ń gbé ọwọ́ sókè wo aago yẹn pẹ̀lú gbogbo ìwà àgbà, bí ọ̀gá ńlá tó ń lọ sí mítìn tí wọ́n ń dá dúró, kò ní í rẹ́rìn-ín, kò ní í ṣẹ́jú sí wa. Òun nìkan ni kò mọ̀. Mo dá ibì kan dúró lórí fóònù, mo tún un wò léraléra torí ọwọ́ yẹn nìkan, bó ṣe ń gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ torí pé aago wúwo, tó sì ń díbọ́n pé kò wúwo.

Ẹ̀dá tó sọ ara ẹ̀ dà yẹn, ahun ni, olójú kòkòrò ni, ó fẹ́ràn obìnrin, ó sì tún jẹ́ ẹni tí wọ́n tètè ń tàn jẹ. Mo máa ń rò ó pé ọmọ Ìjẹ̀ṣà nìkan ló lè ṣe irú ahun yẹn dáadáa bẹ́ẹ̀. Ẹ mọ àwọn tí a ń pè ní òṣómàáló, àwọn oníṣòwò aṣọ Ìjẹ̀ṣà tó ń tàwìn káàkiri, tí ọjọ́ owó bá pé wọ́n á lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ajigbèsè, wọ́n á ní àwọn ò dìde títí àwọn á fi gbowó àwọn. Inú àwọn tó mọ kọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan lórúkọ ni bàbá dàgbà sí. Tó bá ń ka owó nínú eré, kì í kà á bí òṣèré, ó ń kà á bí ẹni tó mọ ohun tó ná an kó tó rí i, á ká a sí méjì, á tún un ká, á wo ẹ̀yìn. Ẹ óò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ óò tún mọ ẹnì kan ní àdúgbò yín tó ń kà á bẹ́ẹ̀.

Nǹkan tó tún dùn mọ́ mi nínú fláàṣì yìí ni pé èèyàn lè rí ìyàtọ̀ láàárín ohun tí bàbá kọ́ lórí ìtàgé àti ohun tí kámẹ́rà kọ́ ọ. Iṣẹ́ ìtàgé ìgbà yẹn, iṣẹ́ agbára ni. Mọ́tò ẹgbẹ́ á wọ ìlú lọ́sàn-án, súpíkà á wà lórí ẹ̀, wọ́n á yí gbogbo àdúgbò ká pé Bàbá Sàlá ti dé o, ní alẹ́ wọ́n á ṣeré ní gbọ̀ngàn ìlú tàbí ti ilé ìwé, jẹnẹrétọ̀ á máa dún lẹ́yìn, ọmọdé á máa sunkún, ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá náà sanwó, ó gbọ́dọ̀ rí i, ó gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí bóótáì fi tóbi. Ọ̀pọ̀ òṣèré tíátà nígbà tí wọ́n dé iwájú kámẹ́rà, wọ́n ń ké síbẹ̀, wọ́n ń ju apá bí ẹni tó ń lé ẹyẹ lóko. Bàbá ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fi aṣọ ńlá sílẹ̀ bó ṣe wà, àmọ́ ó dín ojú kù. Tí kámẹ́rà bá sún mọ́ ọn, ojú yẹn ò ṣe nǹkan kan rárá, ojú ẹni tó ń ronú bó ṣe máa yọ ara ẹ̀ nínú gbèsè ni, awò tí ò ní gíláàsì yẹn á sì jẹ́ kí ẹ rí ẹyinjú gan-an, kò sí iná tó ń tàn lára gíláàsì. Bóyá ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ tàbí kò mọ̀, kámẹ́rà jàǹfààní ẹ̀.

Ó dáa, ọjà fúnra ẹ̀ wá. Fláàṣì ṣí dáadáa lórí tẹlifíṣọ̀n mi, ó ṣí lára DVD àtijọ́ tó ní ojú USB, lórí fóònù ẹ óò nílò wáyà kékeré yẹn. Fáìlì bíi mélòó kan ò ṣí lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ṣí lórí fóònù, mi ò lè ṣàlàyé ẹ̀. Orúkọ tí wọ́n fún àwọn fáìlì burú, "baba sala 1", "baba sala new", "baba sala original 2", kò sí ọdún, kò sí àkọlé, ẹ ní láti ṣí i kí ẹ tó mọ ohun tó wà níbẹ̀. Méjì nínú wọn, eré kan náà ni. Ọ̀kan parí láàárín ọ̀rọ̀. Àwòrán ò mọ́ bí èyí tí ẹ ń wò lónìí, mo sì gbà bẹ́ẹ̀, kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ni wọ́n ti dà á kọ, ilà funfun á máa sáré kọjá nísàlẹ̀, ìyẹn ò dùn mí. Ohun tó dùn mí ni ohùn. Ariwo kan ń kùn lábẹ́ gbogbo ẹ̀, tí ẹ bá yí i sókè kí ẹ lè gbọ́ ọ̀rọ̀, ariwo náà á sókè. Ẹni tí gbogbo àwàdà ẹ̀ wà nínú bó ṣe ń sọ̀rọ̀ àti bó ṣe ń dákẹ́, ìdákẹ́ yẹn ni ariwo bò mọ́lẹ̀. Mo ní ẹ̀gbọ́n kan tó ń ṣiṣẹ́ ní sítúdíò, ó ní kọ̀ǹpútà lè fọ irú ariwo yẹn kúrò, kò sì gba àkókò púpọ̀. Wọn ò ṣe é ni. Tí ẹ bá ní yíárípíìsì tó dáa ẹ fi wò ó lórí fóònù, ohùn á yé yín jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Wọ́n tún wá kọ nọ́ńbà fóònù ontajà sí àárín àwòrán. Nọ́ńbà ńlá, àwọ̀ pupa, ó ń rìn kọjá ojú bàbá láti ọ̀tún sí òsì. Ó bí mi nínú gan-an. Ẹ gbé e sísàlẹ̀, ẹ gbé e síbẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ rà á á rí i.

Àwọn fídíò tó ṣe lẹ́yìn tí sinimá ti ń lọ sílẹ̀, ti àwọn ọdún 1990 bíi Àgbà Man, wọ́n wà níbẹ̀, ohùn tiwọn sàn díẹ̀. Mi ò fẹ́ràn wọn tó ti tẹlifíṣọ̀n. Ara ti ń dàgbà, eré ti gùn jù, ibi tó yẹ kí wọ́n gé wọn ò gé e, ṣùgbọ́n ẹyinjú yẹn ṣì wà, tó bá ti dákẹ́ tó ń wo ẹlòmíì ẹ mọ̀ pé ohun kan ń bọ̀. Àwọn ọmọ àbúrò mi tí kò mọ̀ ju ìṣẹ́jú kan ìṣẹ́jú kan tí wọ́n ń wò lórí fóònù, mo fi ọ̀kan sí i fún wọn láì sọ nǹkan kan. Wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè pé kí ló dé tí kò tíì sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá wọn ò béèrè mọ́, èyí tó kéré jù dìde dúró níwájú tẹlifíṣọ̀n, ó gbé ọwọ́ ẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀ bíi ti bàbá, ó ń wo aago tí kò sí níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wá dé ibi tí mo ti ń gbé e bọ̀, Ọ̀run Móoru. Mo ti wo ó nígbà tí mo wà lọ́mọdé, nínú gbọ̀ngàn, pẹ̀lú èrò. Fíìmù 1982 ni, Ọlá Balógun ló darí ẹ̀, ẹni kan náà tó darí Àjàní Ògún fún òṣèré tíátà Adé Love ní 1976 àti Ayé fún Ògúndé ní 1979, nítorí náà iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ni. Bàbá Sàlá ṣe ẹni tí gbájúẹ̀ tàn pé owó máa kún inú dúróòmù fún un, tó wá pàdánù gbogbo ohun tó ní, tí ojú sì pọ́n ọn débi pé ọ̀rọ̀ di ti ayé àti ọ̀run. Ẹ̀rín wà níbẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ rí i pé bàbá yìí lè mú kí gbọ̀ngàn tó ń rẹ́rìn-ín dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú tí kì í ṣe nǹkan kan yẹn náà ni, kò yí i padà, èyí tó ṣẹlẹ̀ sí i ló yí padà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí owó ṣe ń wọlé nígbà yẹn kí ẹ lè mọ ohun tí wọ́n ṣe fún un. Kò sí ẹni tó ń ra fíìmù lọ́wọ́ èèyàn kó fún un lówó ńlá lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó ṣe fíìmù ló máa gbé róòlù fíìmù ẹ̀ sínú mọ́tò, á gbé ẹ̀rọ tó ń tan àwòrán dání, á lọ láti Iléṣà dé Òndó, láti Abẹ́òkúta dé Ìlọrin, á gba gbọ̀ngàn, á gba owó ẹnu ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Owó ẹnu ọ̀nà yẹn náà ni gbogbo owó, òun ni wọ́n fi ń san gbèsè, torí gbèsè ni wọ́n fi ń ṣe é, fíìmù gidi lọ́jọ́ yẹn kì í ṣe ohun tí owó àpò lè ká. Bàbá yáwó. Kó tó gbé fíìmù yẹn dé ibi tó yẹ kó gbé e dé, àwọn kan ti rí i dà sínú kásẹ́ẹ̀tì fídíò, ó ti gba ìgboro, wọ́n ń wò ó nílé, wọ́n ń wò ó níbi tí wọ́n ti ń mu ọtí. Ta ló tún máa wá san owó ẹnu ọ̀nà? Gbèsè ń bẹ nílẹ̀, owó ò wọlé. Òun tó wá láti ìlú òṣómàáló, kò mọ ẹnu ọ̀nà ẹni tó máa lọ lóṣòó sí, torí àwọn tó jẹ ẹ́ lówó ò níye, wọn ò sì lójú.

Ó ṣe Ààrẹ Àgbáyé ní 1983, ó ṣe Moṣebọ́látán ní 1985 tí Adé Love darí, kò jókòó sunkún, mo bọ̀wọ̀ fún un gidi fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n ló mọ̀ pé ọgbẹ́ Ọ̀run Móoru ò jinná. Ó kú n'Íléṣà ní October 7, 2018, gbogbo ìwé ìròyìn ló kọ ọ́, gbogbo èèyàn ló ń sọ pé bàbá aláwàdà ti lọ, mo sì ń rò ó nínú ara mi pé mélòó nínú wa ló ti san owó wo fíìmù yẹn rí.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè rí fláàṣì kan tí wọ́n kọ Bàbá Sàlá sí lára kí n kàn kówó sílẹ̀. Mo bi ontajà pé ta ló fún un ní àṣẹ. Kò bínú, ọmọlúàbí ni, ó yọ ìwé jáde nínú dúrọ́ọ̀. Àwọn fídíò kan àti eré tẹlifíṣọ̀n tó ti jáde lórí VCD tẹ́lẹ̀, ó ní rìsíìtì wọn, ó rà á lọ́wọ́ máàkẹ́tà, orúkọ máàkẹ́tà wà lórí ìwé, ọjọ́ wà níbẹ̀. Nígbà tí a dé orí Ọ̀run Móoru kò rí ìwé kankan. Ó ní gbogbo èèyàn ló ní i, ó ní orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti rí i, ó ní ẹni tó ni ín ti kú. Mo ní ẹni tó ni ín ti kú, ṣùgbọ́n ó lọ́mọ, Boisala tó tẹ̀ lé bàbá ẹ̀ sídìí iṣẹ́ àwàdà wà níbẹ̀, ogún ni ẹ̀tọ́ fíìmù bí ilé ṣe jẹ́ ogún. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ nílẹ̀ wa fún fíìmù ní ọdún 50 lẹ́yìn tó bá jáde, fíìmù 1982 ṣì ní olówó. Mo ní kó yọ ọ́ kúrò nínú tèmi. Ó wò mí tìyanu-tìyanu, ó yọ ọ́, ó fi òmíràn dí i, iye owó ò yí padà.

Torí náà ohun tí mo máa sọ fún ẹni tó bá fẹ́ ra irú fláàṣì yìí, Dùgbẹ̀ ni o, Ìdúmọ̀tà l'Ékòó ni o, tàbí àwọn tó ń fi í ránṣẹ́ sí ẹ̀yin tí ẹ wà ní London, ni pé kí ẹ kọ́kọ́ béèrè ìwé. Ẹ má bínú béèrè, ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè, ẹ kàn dúró síbẹ̀ títí á fi dáhùn. Wọ́n máa ń jẹ́ kí ẹ mú fáìlì tí ẹ bá fẹ́, ẹ mú èyí tó níwèé, ẹ fi èyí tí kò níwèé sílẹ̀. Tí kò bá sí ìwé kankan rárá, ẹ gbé e kalẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní èmi nìkan kọ́ ni mo máa tún ayé ṣe, àti pé bàbá fúnra ẹ̀ á fẹ́ kí àwọn ọmọ ìsinsìnyí rí òun. Bẹ́ẹ̀ ni, á fẹ́ bẹ́ẹ̀. Á sì tún fẹ́ gbowó ẹ̀, ahun tó ń ṣe nínú eré ni, àmọ́ owó iṣẹ́ èèyàn kì í ṣe ahun.

Tó bá jẹ́ ti eré nìkan, tí mo bá ní ìràwọ̀ márùn-ún ní ọwọ́ márààrún ni màá fún un. Ọjà bó ṣe wà lónìí, méjì, torí ohùn àti torí nọ́ńbà pupa yẹn. Ẹni tó dàgbà tó, tó rántí ohùn bàbá látorí rédíò àti àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, á gbádùn ẹ̀ ju ọmọdé lọ, torí etí yín á dí ibi tí ariwo bá ti jẹ ọ̀rọ̀. Tí ẹ bá fẹ́ fi han ọmọdé, ẹ má fi èyí tó gùn bẹ̀rẹ̀, ẹ wá èyí tí wọ́n pè ní "baba sala original 2", eré tẹlifíṣọ̀n ni, kò gùn, ohùn ẹ̀ ló mọ́ jù nínú gbogbo wọn.

Mo ti pe ontajà, mo ti sọ ohun tó yẹ kó ṣe fún un: kó fọ ohùn, kó kọ ọdún àti àkọlé sí fáìlì, kó gbé nọ́ńbà ẹ̀ kúrò lójú èèyàn, kó kọ orúkọ gbogbo àwọn Aláwàdà tó bá bàbá ṣeré síbẹ̀rẹ̀, torí ẹni tó ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu bàbá tó sì ń jù ú padà fún un ní àkókò tó yẹ, iṣẹ́ ńlá lòun náà ṣe, a ò sì lè máa wò wọ́n kí a má mọ orúkọ wọn. Kó sì wá àwọn ẹbí lọ s'Íléṣà fún Ọ̀run Móoru. Ó ní òun gbọ́. Tó bá ṣe é, tó sì fi ìwé hàn mí, màá san ìlọ́po méjì N7,000 yẹn, màá sì ra ti àwọn ẹ̀gbọ́n mi mọ́ ọn.